Sọ́m̀pù tó ti dípẹtà tó ń jò: ẹ jẹ́ kó gbẹ ná kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i

Ọ̀kún o. Bọ̀dá tó ní sọ́m̀pù ọkọ̀ òun (àwo irin abẹ́ ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì máa ń wà nínú ẹ̀) ti dípẹtà, tí ọ́ìlì ń kán sílẹ̀ mọ́jú, tó ń béèrè bóyá gọ́ọ̀mù lè mú un títí owó oṣù á fi wọlé, ó lè mú un o. Tèmi mú un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn, ti àkọ́kọ́ ò dé ibì kankan.

Mẹkáníìkì kan ní Kàbà ló ṣe ti àkọ́kọ́, ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó fi àkísà nu ibẹ̀ fìrí, ọ́ìlì ṣì ń kán ó ti fún sílíkóònù lé e, ó ní kí n máa lọ. Ìsánlú ni mò ń lọ. Mo kọjá Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀, mi ò tíì dé Mọ̀pà, iná ọ́ìlì orí dáṣíbọ́ọ̀dù tàn pupa níwájú mi. Mo pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, òun ló jẹ́ kí n ṣì ní ẹ́ńjìnnì lónìí. Nígbà tí mo yọjú wo abẹ́, gọ́ọ̀mù yẹn ti ṣí lódindi bí awọ orí ògì tó tutù, ẹ̀yìn ẹ̀ ń dán fún ọ́ìlì. Kò lẹ̀ mọ́ irin rárá, orí ọ́ìlì ló wà látìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà gọ́ọ̀mù kọ́ ni iṣẹ́, gbígbẹ ni iṣẹ́. Mo da gbogbo ọ́ìlì sínú bàsíà, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ mọ́jú, síbẹ̀ láàárọ̀ ó ṣì ń làágùn. Mo fi pẹtiróòlù nù ún, mo dúró, mo tún nù ún, ó tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kí àkísà tó jáde ní mímọ́ (ẹ jọ̀ọ́, kí iná kankan má sí nítòsí, ẹ sì fi òkúta tàbí igi ńlá ti ọkọ̀, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé jáàkì nìkan). Mo wá fi ìdí sukurudiráfà tẹ ibẹ̀ jẹ́jẹ́, ihò tó dà bí orí abẹ́rẹ́ bá fẹ̀ tó hóró àgbàdo. Àyà mi já, ṣùgbọ́n kó ya nínú àgbàlá yín sàn ju kó ya lójú títì lọ. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ tó bá wá láti ibi tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, abẹ́ ẹ̀ máa ń jẹ ju bẹ́ ẹ ṣe rí i lọ.

Mo fi sáńpépà ha á títí irin fi funfun, mo gé agolo mílíìkì, mo ha òun náà, mo po gọ́ọ̀mù irin oní-túùbù méjì, dúdú àti funfun dọ́gbadọ́gba, mo fi lẹ agolo mọ́ ọn, mo sì jẹ́ kí gọ́ọ̀mù kọjá etí agolo ní ìka méjì yíká. Wọ́n kọ ìṣẹ́jú díẹ̀ sára páálí ẹ̀ o, èmi fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ọ́ìlì inú sọ́m̀pù kì í fi agbára tì í, ó kàn dúró síbẹ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi lè mú.

Àwọn tó ní kẹ́ ẹ fi ọṣẹ dí i, táǹkì pẹtiróòlù ni wọ́n ń fìyẹn ṣe, ọ́ìlì gbígbóná á yọ́ ọ. Ẹ má sì gbà kí wẹ́dà jó o lábẹ́ ọkọ̀, irin tó ti fẹ́lẹ́ á lu, ọ́ìlì tó kù nínú ẹ̀ sì lè gbiná.

Láràárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa yọ géèjì ọ́ìlì wò kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ gbé lítà ọ́ìlì kan sí búùtù, ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ lálẹ́ kẹ́ ẹ lè rí i tó bá kán, ẹ sì máa rọra nínú gálọ́ọ̀pù. Tí iná yẹn bá tàn, ẹ pa á níbi tẹ́ ẹ bá wà, ẹ má ní ẹ fẹ́ dé iwájú díẹ̀. Ìlọrin ni mo ti rí sọ́m̀pù tòkunbọ̀ rà. Nígbà tí wọ́n tú ti àtijọ́, agolo mi ṣì lẹ̀ gbagidi, ṣùgbọ́n bí ìka mẹ́ta sí i, ibòmíì ti ń làágùn.