Ẹnu Màmá yí, ó tún padà sípò: ẹ jẹ́ kí wọ́n rí dókítà lónìí

Arábìnrin wa ní Kánádà, ẹ kú àníyàn Màmá. Ẹ ní láàárọ̀ àná ní Ìgbógbó, ife tíì bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn, ẹnu wọn wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́, àmọ́ kó tó tó ìdajì wákàtí gbogbo rẹ̀ ti padà sípò. Ará ilé ń dúpẹ́, ẹ̀gbọ́n yín ní ọfà ayé ni, ẹ̀yin sì ń bèèrè oògùn tí ẹ lè fi ránṣẹ́.

Ẹ má fi oògùn kankan ránṣẹ́. Ẹni tí yóò gbé Màmá lọ sílé ìwòsàn lónìí ni kí ẹ wá.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mo ń ṣe ní Ìkòròdú níbí, irú èyí ló sì máa ń dùn mí jù: ẹni tí ara rẹ̀ yá padà lọ́jọ́ Ajé, tí wọ́n wá gbé dé lọ́jọ́rùú tí apá àti ẹsẹ̀ ti kú. Ẹ̀jẹ̀ dídì ló sábà máa ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ fúngbà díẹ̀, tí ọ̀nà á sì tún là. Ohun tó fà á ò tíì lọ. Rọpárọsẹ̀ gidi lè tẹ̀lé e, ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ ló sì léwu jù.

Ilé ìwòsàn Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ló sún mọ́ wọn. Kí ẹni tó bá gbé Màmá lọ là á sọ: ẹnu yí, ọwọ́ ọ̀tún rọ, ọ̀rọ̀ wọ́, aago báyìí ló bẹ̀rẹ̀, aago báyìí ló lọ. Bó bá kàn ní “ó rẹ Màmá díẹ̀”, orí ìlà ni wọ́n á jókòó sí. Kó bèèrè pé kí wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, bí ọkàn ṣe ń lù, àti àwòrán ọpọlọ lórí ẹ̀rọ CT. Bí dókítà bá kọ̀wé sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, kí wọ́n gbéra kíá. Ẹ mọ bí ọ̀nà Máìlì 12 ṣe máa ń rí nírọ̀lẹ́.

Ẹ san owó sí àkáǹtì ilé ìwòsàn tàbí ilé àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, kí wọ́n ya rìsíìtì ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Kì í ṣe pé a ò fọkàn tán ẹ̀gbọ́n. Owó tó bá gba ọwọ́ mẹ́ta kọjá máa ń pẹ́ dé.

Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí ará ilé wo aago, kí wọ́n pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láti Kánádà, kò ní dé Èkó; ẹ rí i pé ẹni tó ń bá Màmá gbé ní nọ́ńbà yìí, kí ẹ sì ti bá aládùúgbò kan tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ní láti wọ ara láàárín wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn tí àwòrán bá ti fi hàn pé iṣan kò bẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fún Màmá ní omi, oúnjẹ, àgbo tàbí epo pupa, torí ọ̀fun tó ti rọ lè darí rẹ̀ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kí wọ́n má fún wọn ní aspirin kó tó dọ̀dọ̀ dókítà: bó bá jẹ́ iṣan ló bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á túbọ̀ máa ya. Kí wọ́n má sì kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lé ara wọn pé kó lè tètè wálẹ̀.

Lójoojúmọ́, ẹ máa pe Màmá lórí fídíò. Ẹ ní kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu ò gbé. Kí wọ́n dijú, kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀kan ń rọra wálẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ki oríkì yín. Bí ìyá tó ń ki ọmọ rẹ̀ láti kékeré ò bá rí i pè mọ́, tàbí tó ń lọ́ ọ̀rọ̀ pọ̀, ilé ìwòsàn ló kàn.

Ẹ má bá ẹ̀gbọ́n yín jà o. Ẹ sọ fún wọn pé àdúrà lè máa lọ nínú mọ́tò. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n máa sín Màmá ní gbẹ́rẹ́ nígbà tí wákàtí ń lọ.

Bí wọ́n bá ti darí dé, ẹ ra ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru fún wọn, irú èyí tí wọ́n ń wé mọ́ apá, kì í ṣe ti ọrùn ọwọ́. Kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n, kí wọ́n kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Kí wọ́n forúkọ sílẹ̀ sí Ìlera Èkó náà, ètò ìbánigbófò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pa oògùn rẹ̀ tì.

Ìbéèrè kejì: ẹni tó bèèrè nípa ọmọ àbúrò rẹ̀ tí wárápá ń gbé ní Ẹ̀bútè: bó bá ṣubú, kí wọ́n kó ohun líle kúrò nítòsí, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí wọ́n wo aago. Kí wọ́n má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí wọ́n má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná láé. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ẹnikẹ́ni. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí tó tún gbé e kí ojú rẹ̀ tó là, ó di ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ ò gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró torí pé kò ṣubú fún oṣù mélòó kan. Dókítà ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í ronú àtidín in kù, lẹ́yìn bí ọdún méjì láìṣubú.