Ṣé òótọ́ ni pé Amẹ́ríkà ń fi òṣùwọ̀n méjì wọn òfin àgbáyé, kí ni ó sì ń ṣẹlẹ̀ sí gbajúmọ̀ tí ó bá ta ko ìjọba lórí ọ̀rọ̀ òkèèrè?

Òótọ́ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà ní gbangba. Ní oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Ìwà Ọ̀daràn Àgbáyé pàṣẹ pé kí wọ́n mú Vladimir Putin tí í ṣe Ààrẹ Rọ́ṣíà, Ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, Joe Biden, sọ pé àṣẹ náà tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ẹjọ́ kan náà pàṣẹ pé kí wọ́n mú Benjamin Netanyahu, olórí ìjọba Ísírẹ́lì, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, Biden bẹnu àtẹ́ lu àṣẹ náà. Àwọn kan ń gbè Biden lẹ́yìn pé Ísírẹ́lì kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ilé ẹjọ́ náà, àwíjàre tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá lójú tèmi, nítorí pé Rọ́ṣíà náà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́.

Ní ti àwọn gbajúmọ̀, ọwọ́ àwọn tí ń gbé iṣẹ́ fún wọn ni ìyà sábà máa ń ti wá. Lẹ́yìn tí akọrin Natalie Maines bu Ààrẹ George W. Bush lórí ogun Ìráàkì ní ọdún 2003, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò kọ̀ láti gbé orin ẹgbẹ́ rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Ti Muhammad Ali le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ní ọdún 1967, nítorí pé ó kọ̀ láti wọṣẹ́ ológun nígbà ogun Vietnam, wọ́n gba ipò akànṣẹ́ tó ta yọ jù lọ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ẹ̀wọ̀n ọdún 5 fún un, kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó fagi lé ìdájọ́ náà ní ọdún 1971.