Èsì: Ṣé láti Romania ni orúkọ àwọn Roma, ẹ̀yà kan tó wà káàkiri Yúróòpù, ti wá?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, orúkọ lásán ló jọra. Ní èdè Romani, tí àwọn Roma ń sọ, "rom" ni ọkùnrin tàbí ọkọ. Romania ní tirẹ̀ gba orúkọ lára ìlú Róòmù àtijọ́. Àríwá Íńdíà ni àwọn baba ńlá àwọn Roma ti ṣí wá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. Èdè ló tú àṣírí: "pani" ni wọ́n ń pe omi, ohun tí àwọn elédè Hindi ní Íńdíà ń pè é títí dòní nìyẹn. (Èyí dùn mọ́ mi gan-an.)

Ní ti àsíá Roma tí ẹ rí lọ́jọ́ 8 oṣù Kẹrin, tí í ṣe Ọjọ́ Àwọn Roma Lágbàáyé, ìpàdé àgbáyé wọn àkọ́kọ́ lọ́dún 1971, nítòsí Lọ́ńdọ̀nù, ló fọwọ́ sí i: búlúù lókè, àwọ̀ ewé nísàlẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ pupa láàárín tó ń rántí Íńdíà àti ìrìn àjò.

Ẹ tún bèèrè bóyá ibì kan wà tí wọ́n ti ń rí ẹ̀tọ́ wọn gbà. Ẹ wo Šuto Orizari ní Skopje, Àríwá Macedonia: àwọn ló pọ̀ jù níbẹ̀, èdè wọn sì wà lára èdè ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé pè wọ́n ní "Gypsy". Èébú ni lójú ọ̀pọ̀ wọn.