Wọ́n ní ká tú ilé pákó táwọn ọmọ kọ́ sẹ́yìn fláàtì wa

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin òbí. Ẹ jọ̀ọ́, mo ń wá ìmọ̀ràn ẹni tó ti rí irú èyí rí. Leeds la wà, fláàtì la ń gbé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kejì. Ọmọ ọdún 9 làwọn ìbejì mi. Látìgbà tí wọ́n ti gba ọlidé, àwọn àtàwọn ọmọ ilé tó kù, wọ́n á tó méje, wọ́n ti ń kó pálẹ́ẹ̀tì àti táyà mọ́tò méjì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ àti páálí fìríìjì jọ sẹ́yìn ilé, wọ́n fi kọ́ ilé, wọ́n wá fi báàgì ìwé wọn ṣe góòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Inú mi dùn sí i torí wọn ò rántí fóònù mọ́. Àfi bí ẹnì kan nísàlẹ̀ ṣe ya fọ́tò ẹ̀, ó fẹjọ́ sùn lọ́fíìsì háúsìn, ni wọ́n bá wá lẹ bébà mọ́ ọn pé tá ò bá kó o kúrò láàárín ọjọ́ 7, àwọn á kó o dànù, a ó sì san owó ẹ̀. Ẹni yẹn tún ti bébà sábẹ́ ilẹ̀kùn mi pé òun máa pe ọlọ́pàá. Bàbá wọn ní ká tú u lónìí, pé pépà ìgbélùú wa ò tíì jáde, ká má fa wàhálà lẹ́sẹ̀. Àwọn ọmọ ń sunkún. Ẹ̀rù sóṣà sáfísì, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ, náà ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Ìbejì, Leeds

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, Ọlọ́run á bá wa wò wọ́n o. Alẹ́ àná ni mo ka ọ̀rọ̀ yín nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mi ò sì lè sùn láìfèsì torí irú ẹ̀ gan-an ló ṣẹlẹ̀ sí èmi àtìyàwó mi ní south London níbí ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọ mẹ́ta la ní. Tiwa kì í ṣe ilé, góòlù tí wọ́n fi pákó kàn ni àti jangirọ́fà tí wọ́n fi okùn so mọ́ igi, ṣùgbọ́n bébà kan náà ni wọ́n wá lẹ̀ mọ́ ọn, ìhàlẹ̀ kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rù yẹn. Ní England níbí, òfin ò lè mú ọmọ tí ò tíì pé ọdún 10 ní ọ̀daràn, ní Scotland 12 ni. Ìwé ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní Community Protection Notice, tó wá látinú òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014, tí wọ́n á ní àwọn máa gbà fún ọmọ yín, ẹni tó bá ti pé 16 sókè ni wọ́n lè fún. Kò sí òfin tó sọ pé ọmọ gbọ́dọ̀ tó iye ọdún báyìí kó tó lè dá ṣeré níta, ohun tí wọ́n ń wò ni bóyá ẹ gbé ọmọ sínú ewu, ẹ̀yin sì ń wò wọ́n látojú fèrèsé, àwọn ọmọ méje sì wà níbẹ̀ pa pọ̀. Ti pépà, èmi kì í ṣe lọ́yà o, ẹni tó ń bá yín ṣe é ni kẹ́ ẹ bi, àmọ́ bébà tí ọ́fíìsì lẹ̀ mọ́ pálẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ìdájọ́ kóòtù, kì í sì í ṣe rékọ́ọ̀dù ọlọ́pàá. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè kàn yín lóòótọ́ ni àdéhùn ilé tẹ́ ẹ buwọ́ lù. Ẹ wá a jáde lónìí ẹ kà á, ẹ wo ohun tó sọ nípa ariwo àti ẹrù tó wà níta, torí òun ni ọ́fíìsì máa fà yọ tẹ́ ẹ bá dákẹ́ láìfèsì. Ẹ má dákẹ́ rárá. Tí pátákó No Ball Games, ìyẹn ẹ má gbá bọ́ọ̀lù níbí, bá sì wà níbẹ̀ (mo mọ̀ pé kò ní ṣe kó má sí), pátákó yẹn fúnra ẹ̀ kì í ṣe òfin, ẹni tó ni ilẹ̀ ló gbé e síbẹ̀ láti sọ ohun tí òun fẹ́, àyàfi tí káńsù bá ti ṣe òfin pàtó fún ibẹ̀.

Bàbá wọn ò ṣe nǹkan tó burú. Mo mọ ẹ̀rù tó ń bà á, èmi náà ti sùn tì í rí, kéèyàn máa rìn jẹ́jẹ́ nínú ilé tó ń sanwó ẹ̀ torí pé pépà ò tíì jáde. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá tú ilé yẹn lóru láìsọ̀rọ̀, ohun tí àwọn ìbejì máa rí ni pé ẹnì kan bínú, ìyá àti bàbá àwọn sì sá. Wọn ò ní gbàgbé ẹ̀. Ẹ má tú u lónìí, ẹ kọ́kọ́ sún un ni.

Nítorí kí n má parọ́ fún yín, ibì kan wà tí ọ́fíìsì ti sọ òótọ́. Pálẹ́ẹ̀tì àti páálí àti aṣọ, tí gbogbo ẹ̀ bá fara ti ògiri fláàtì, iná ló ń wá yẹn. Látìgbà tí iná Grenfell ti pa èèyàn 72 ní 2017, kò sí ọ́fíìsì háúsìn kan tó máa fojú fo pákó tó wà lára ilé, mi ò sì bá wọn wí. Nítorí náà ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ jìnnà sí ògiri, sí àárín koríko, kó má dí ọ̀nà ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ọmọ tàbí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, kó má sì dí ọ̀nà àbájáde iná. Ẹ yọ ìṣó gbogbo. Ẹ wo ara pálẹ́ẹ̀tì, wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà sí i: tó bá jẹ́ HT, ooru ni wọ́n fi pa kòkòrò inú ẹ̀, ìyẹn dáa, tó bá jẹ́ MB, kẹ́míkà ni, ẹ jù ú nù. Páálí fìríìjì kò burú, fìríìjì fúnra ẹ̀ ni ọmọ ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ láé, torí ọmọ lè há sínú ẹ̀ kó má rí atẹ́gùn. Tí òjò bá ti pa aṣọ bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ kó o wọlé, ìgbà tó bá ti ń rùn tó sì ń dà bí ààtàn ni aládùúgbò máa ń rí nǹkan yà ní fọ́tò.

Ó wá ku ẹni tó wà nísàlẹ̀ yẹn, òun gan-an lọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú àwọn ọmọ dání.

Mo mọ̀ pé ẹ máa ní ṣé bébà tó tì sábẹ́ ilẹ̀kùn yẹn lẹ máa lọ kí i sí. Nígbà tí mo wà ní kékeré n'Íbàdàn, ní Òkè-Àdó, mọ́ńkí póòsì la máa ń gbá lẹ́yìn ilé, òkúta méjì níbí òkúta méjì lọ́hùn-ún, lọ́jọ́ kan bọ́ọ̀lù wa lọ já sínú ọpọ́n ògì tí ìyá kan ń sẹ́. Ìyá yẹn gbé bọ́ọ̀lù, ó gbé e wọlé, ó tilẹ̀kùn. Gbogbo wa sá. Màmá àgbà mi ló kó wa jọ nírọ̀lẹ́, kò lù wá, ó ní ká lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ìyá náà ká sọ fún un fúnra wa ohun tí a ṣe, a sì pọnmi fún un ní Sátidé méjì. Láti ọjọ́ yẹn, tí bọ́ọ̀lù bá wọ ọ̀dọ̀ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ń jù ú síta fún wa. Ó ti wá mọ orúkọ wa ni.

Nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀ ní London, mo kọ́kọ́ bínú. Mo ti kọ ìméèlì gígùn kan sí ọ́fíìsì, ọ̀rọ̀ burúkú kún inú ẹ̀, ìyàwó mi ló ní kí n má tíì fi ránṣẹ́. A wá mú àwọn ọmọ, a lọ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, kì í ṣe alẹ́, ọwọ́ lásán la gbé lọ. Ọkùnrin tó ṣílẹ̀kùn, oorun ṣì wà lójú ẹ̀. Ó ń wa bọ́ọ̀sì lóru, aago mẹ́jọ àárọ̀ ló máa ń sùn. Ó mú mi wọ yàrá ẹ̀, ó fi hàn mí: ògiri tí àwọn ọmọ fi ṣe ẹ̀yìn góòlù, bẹ́ẹ̀dì ẹ̀ fara tì í, ibi tó ń gbórí lé gan-an ni bọ́ọ̀lù ń bà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú gbogbo wa. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù kan tí kò rí oorun sùn, a sì ń pè é ní olóríburúkú. Ọmọ mi obìnrin ló sọ ọ́, kì í ṣe èmi, ó ní àwọn lè gbé góòlù kọjú sí òdì kejì níbi fẹ́ńsì. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n tún gbà pé bọ́ọ̀lù ò gbọ́dọ̀ jáde ṣáájú aago mẹ́ta ọ̀sán tí kì í bá ṣe wíkẹ́ẹ̀ńdì, wọ́n kọ ọ́ sára páálí, wọ́n fi sẹ́nu ọ̀nà. Jangirọ́fà la pàdánù torí ọ́fíìsì ní ẹ̀ka igi yẹn kò gbà á. Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo ẹ̀ wá tán síbẹ̀, ìyá kan wà lókè tí kò gbà rárá, títí dòní ó ṣì ń kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ẹni kan tó ń kọ̀wé yàtọ̀ sí ẹni méjì, pàápàá nígbà tí ẹnì kejì ti sọ fún ọ́fíìsì pé òun ti bá wa yanjú.

Tí bébà tó ti sábẹ́ ilẹ̀kùn yín bá ní ọ̀rọ̀ àwọ̀ nínú o, tàbí ẹ padà síbi tẹ́ ẹ ti wá, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ẹ má lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀. Ẹ tọ́jú bébà náà, ẹ kọ déètì sí i, ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ọ́fíìsì létí gẹ́gẹ́ bí hate incident, ìyẹn ìwà ìkórìíra. Tí kò bá sí irú ẹ̀ nínú ẹ̀, ẹ lọ. Ẹ bi í pé aago mélòó ló ń sùn, ibo ni ariwo ti ń kàn án, kẹ́ ẹ dákẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá kọ̀wé sí ọ́fíìsì, kí ọjọ́ 7 yẹn tó pé. Ẹ sọ pé ẹ ti gbé e kúrò lára ilé, ẹ sọ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá aládùúgbò sọ̀rọ̀ àti ohun tẹ́ ẹ jọ fẹnu kò sí, ẹ ní àwọn ọmọ á máa tò ó jọ ní ìrọ̀lẹ́, ẹ ní kí wọ́n fún yín dìgbà tí sùkúùlù bá wọlé. Ẹ jẹ́ kí àwọn òbí ọmọ márùn-ún tó kù buwọ́ lù ú. Ìyẹn ṣe pàtàkì, torí tí orúkọ yín nìkan bá wà níbẹ̀, ẹ̀yin nìkan ni wọ́n máa kọjú sí, bẹ́ẹ̀ ọmọ méje ló kọ́ ilé.

Ẹ fi èyí kún un. Ní 1943, nígbà tí ogun ń jà lọ́wọ́, ní Emdrup ní Copenhagen, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ títo ọgbà, C. Th. Sørensen, ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ ń fẹ́ràn ibi tí àlòkù pákó àti bíríkì wà ju ibi ìṣeré tí ìjọba ṣe fún wọn lọ, ni wọ́n bá ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún wọn pẹ̀lú pákó àti irinṣẹ́ kí wọ́n máa kọ́ ohun tó bá wù wọ́n. Ìyá òyìnbó kan, Lady Allen of Hurtwood, lọ rí i ní 1946, ó padà wá sí London tí bọ́ǹbù ti fọ́ kanlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jà kí wọ́n fún àwọn ọmọ ní irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1948 wọ́n ṣí ọ̀kan ní Camberwell, Camberwell yìí náà tí a máa ń gbà kọjá tá a bá ń lọ ra èlùbọ́ ní Peckham. Ibẹ̀ ni ohun tí wọ́n ń pè ní adventure playground ti tàn kálẹ̀ ní ìlú yìí. Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí àwọn ọmọ mi ń lọ ló sọ ọ́ fún mi, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, torí mo ti rò pé ìwà ìgboro ni àwọn ọmọ mi ń hù, àṣé ohun tí àwọn ará ibí fúnra wọn ti jà fún kí bàbá mi tó mọ bàtà wọ̀ ni. HSE, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ààbò, náà kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2012 pé kì í ṣe kí wọ́n mú gbogbo ewu kúrò nínú eré ọmọdé, kí wọ́n gbé ewu àti àǹfààní ẹ̀ wo pa pọ̀ ni. Ẹ kọ HSE 2012 yẹn sínú lẹ́tà bó ṣe wà, àwọn ọ́fíìsì mọ̀ ọ́n.

Tí ọ́fíìsì bá ṣì kọ̀, ẹ bi káńsù nípa play street. Àwọn òbí kan ní Bristol ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní 2009, wọ́n ti títì iwájú ilé wọn fún wákàtí mélòó kan káwọn ọmọ lè ṣeré níbẹ̀, òbí dúró lórí ọ̀nà méjèèjì, ará àdúgbò tó bá fẹ́ wakọ̀ wọlé á máa wà á bí ẹni ń rìn. Ọ̀pọ̀ káńsù ló ti ní fọ́ọ̀mù ẹ̀ báyìí. Ibẹ̀, àwọn ìbejì lè fi ṣọ́ọ̀kì fa suwe sójú títì, kò sẹ́ni tó máa lẹ bébà mọ́ ọn.

Ẹ má lọ lálẹ́ òní o, ẹ lọ lọ́la nígbà tí ilẹ̀ bá ṣì mọ́, kí bàbá wọn náà tẹ̀ lé yín. Kí àwọn ìbejì fúnra wọn sọ orúkọ wọn fún un. Kẹ́ ẹ sì padà wá sọ fún mi aago tó ní òun ń sùn, èmi á bá yín kọ lẹ́tà yẹn.