Tíkẹ́ẹ̀tì Dínwó, Pápákọ̀ Jìnnà: Kí Ló Ń Ṣẹ́kù Sápò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú. Èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa méjì fẹ́ rìnrìn àjò. Pápákọ̀ òfurufú kan wà ní 20 kìlómítà sí ilé wa, òmíràn wà ní 150. Tíkẹ́ẹ̀tì àlọ-àbọ̀ ní ìtòsí jẹ́ dọ́là 180 fún ẹnì kan. Ní ọ̀nà jíjìn, 110 ni. Ìyàwó mi ní ká má dá ara wa lóró. Èmi ní dọ́là 280 kì í ṣe owó tí à ń jù nù. Ta ló jàre?

ÌDÁHÙN: 280 yẹn kò tíì di tiyín. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó ọkọ̀ kúrò. Ọ̀nà jíjìn fi 130 kìlómítà ju ti ìtòsí lọ, àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 260. Epo nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣírò, bíi lítà 21 fún ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 8 ní 100 kìlómítà. Ṣùgbọ́n táyà ń jẹ, ọ́ìlì ń gbó, iye tí wọn yóò ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ yín sì ń wálẹ̀. Iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, IRS, ka gbogbo rẹ̀ pọ̀ sí sẹ́ǹtì 70 lórí máìlì kan ní 2025, fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́. Bí a bá fi èyí wọn 260 kìlómítà, tí í ṣe nǹkan bíi máìlì 162, ó ń lọ sí dọ́là 113. 280 yín ti di 167.

Ká ní ẹyọ ẹnì kan ló ń lọ ni, ìbá ná 113 láti fi rí 70. Ọkọ̀ tó gbé ẹnì kan náà ló ń gbé ẹni mẹ́rin, àmọ́ èrè orí tíkẹ́ẹ̀tì ń pọ̀ bí orí ṣe ń pọ̀. Bí ó bá jẹ́ bọ́ọ̀sì tàbí reluwé lẹ fẹ́ wọ̀, ìṣirò yìí kò dúró mọ́, nítorí pé olúkúlùkù ló máa san tirẹ̀.

Ẹ má sì sọ pé àbúrò yín á gbé yín lọ kí ẹ má baà san owó ìgbọ́kọ̀sí. Á gbé yín lọ, á padà sílé. Á tún wá gbé yín, á tún padà. 260 ti di 520 nìyẹn, ìlọ́po méjì epo àti táyà. Ibi ìgbọ́kọ̀sí ní pápákọ̀ ọ̀nà jíjìn sábà máa ń dínwó. Bí ìrìn àjò bá gùn, ẹ fi iye ọjọ́ sọ owó ọjọ́ kan di púpọ̀ ní ibi méjèèjì, kí ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Owó ibodè ojú ọ̀nà náà ń bẹ níbẹ̀.

Ó kan ẹrù. Ẹ wò ó bóyá owó báàgì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì 180 tí kò sì sí nínú ti 110. Bí ẹ bá fẹ́ fi báàgì ńlá méjì ránṣẹ́, tí wọ́n ń gba 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlọ àti àbọ̀, 80 ló lọ. Ó ku 87. Ìdíwọ̀n báàgì ọwọ́ náà le gan-an ní àwọn iléeṣẹ́ bàálù tí tíkẹ́ẹ̀tì wọn dínwó. Ilé ni kí ẹ ti wọ̀n ọ́n. Owó tí wọ́n ń gbà lẹ́nu ọ̀nà bàálù fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ju èyí tí ẹ bá san ṣáájú lọ nígbà gbogbo.

Wàyí o, àkókò. Wákàtí méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀, kí ẹ fi wákàtí kan pamọ́ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ: márùn-ún. 87 pín sí márùn-ún jẹ́ dọ́là 17 ní wákàtí kan, fún ẹni mẹ́rin! Lójú tiwa, ìyàwó yín ló jàre.

Ohun kan péré ló lè yí èyí padà: bí bàálù ọ̀nà jíjìn bá ń lọ tààrà, tí ti ìtòsí sì ní láti yà síbì kan kí ẹ tó wọ òmíràn. Ìdúró wákàtí mẹ́ta níbi ìyípadà ti gba gbogbo àkókò tí ẹ rò pé ẹ rí.

ÌBÉÈRÈ: Bàálù aago mẹ́fà àárọ̀ ló dínwó jù. Ṣé kí n rà á?

ÌDÁHÙN: Ẹ ka aago náà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ń ti káńtà ẹrù ní wákàtí kan kí bàálù tó gbéra: aago márùn-ún. Ẹ gbọ́dọ̀ dé ní mẹ́rin. Bí ọ̀nà bá jẹ́ wákàtí méjì, ẹ kúrò nílé ní aago méjì òru. Ṣé bọ́ọ̀sì wà nígbà yẹn? Bí kò bá sí, takisí tàbí hòtẹ́ẹ̀lì ni, ọ̀kan nínú wọn sì tó láti jẹ gbogbo èrè yín run.

ÌBÉÈRÈ: Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà tí bàálù sì fi mí sílẹ̀, ṣé wọ́n á dá owó mi padà?

ÌDÁHÙN: Rárá. Òfin 261 tí EU, àjọ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ṣe ní 2004 wà fún ìgbà tí iléeṣẹ́ bàálù bá jáni kulẹ̀, kì í ṣe fún èrò tó pẹ́. Èyí tó burú jù ni pé bí ẹ kò bá wọ ti àlọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ á fagi lé ti àbọ̀ náà, bí ó bá wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà. Ẹ pè wọ́n kí bàálù tó gbéra. Àwọn kan máa ń gbé èrò sí bàálù tó tẹ̀lé e, kí ó san àfikún. Pápákọ̀ kékeré tún ní wàhálà tirẹ̀: bí bàálù ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bá fi yín sílẹ̀, ọjọ́ mélòó kan ló kù kí òmíràn tó lọ.

ÌBÉÈRÈ: Orúkọ ìlú tí mò ń lọ wà lára orúkọ pápákọ̀ náà. Kò lè jìnnà, àbí?

ÌDÁHÙN: Ó lè jìnnà dáadáa. Pápákọ̀ Beauvais, tí wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fún èrò Paris, fi nǹkan bíi kìlómítà 85 jìnnà sí ìlú náà. Frankfurt-Hahn fi bíi 120 jìnnà sí Frankfurt. Lẹ́tà mẹ́ta inú tíkẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò, BVA tàbí HHN, kí ẹ wá a lórí máàpù. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tún wo àsìkò tí bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ń kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì rò ó bóyá bàálù tó pẹ́ ní wákàtí kan á ṣì bá a.