Fi blazon ya asà rẹ, má fi fọ́tò yà á

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ ní ẹ ki fọ́tò asà ìdílé kan (àmì ìdílé tí wọ́n yà sórí asà) bọ inú ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ àwòrán di cross stitch, ìyẹn iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi X kéékèèké rán, ó gbé àwọ̀ 38 jáde, kìnnìún àárín rẹ̀ sì dà bí àbàwọ́n. Ẹ má wulẹ̀ tún un ṣe, ẹ pa á tì. Gbogbo òjìji àti dídán tó wà lára fọ́tò ni ètò yẹn kà sí àwọ̀, òun ló fi fọ́n ojú kọ̀ọ̀kan (X kan ni ojú kan) káàkiri etí àwòrán. Asà kò ní òjìji. Wúrà àti fàdákà ni irin rẹ̀. Pupa, búlúù, dúdú, àwọ̀ ewé àti elése àlùkò ni àwọ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ asà ò sì lò ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nínú wọn.

Blazon ni kí ẹ wá, ìyẹn gbólóhùn tí wọ́n fi ṣàpèjúwe asà náà. Ti England nìyí: Gules, three lions passant guardant in pale Or, armed and langued Azure. Àwọ̀ ilẹ̀ asà ló ń ṣáájú, pupa. Kìnnìún mẹ́ta aláwọ̀ wúrà tẹ̀ lé e, wọ́n ń rìn, wọ́n kọjú sí wa, ọ̀kan wà lókè èkejì. Èékánná àti ahọ́n wọn jẹ́ búlúù. Blazon kì í sọ irú pupa tó jẹ́, ẹ̀yin lẹ máa yàn án. Nínú òwú iléeṣẹ́ DMC, mo fara mọ́ nọ́ńbà 321 fún pupa, 797 fún búlúù, 699 fún àwọ̀ ewé, 310 fún dúdú, 725 fún wúrà, B5200 tó jẹ́ funfun fún fàdákà. Òfin àwọn tó ń ya asà ni pé a kì í gbé irin lé irin, a kì í sì í gbé àwọ̀ lé àwọ̀, kí asà lè hàn lókèèrè. Ẹ tẹ̀ lé e bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ṣẹ̀dá asà tuntun, torí 797 lórí 310 á pòórá bí èèyàn bá sún sẹ́yìn díẹ̀.

Iye ojú ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Kìnnìún tó dìde lórí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò gbọ́dọ̀ kéré sí ojú 45 ní gíga, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èékánná rẹ̀ á di kókó. Asà tó ní ohun kan ṣoṣo láàárín, ojú 71 ní ìbú àti 85 ní gíga tó o. Lórí Aida 14, aṣọ tó ń gba ojú 14 nínú íǹṣì kan, èyí jẹ́ íǹṣì márùn-ún àti díẹ̀ ní ìbú, mẹ́fà àti díẹ̀ ní gíga. Ẹ fi íǹṣì mẹ́ta sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún férémù. Mo mú 71 torí pé fleur-de-lis (àwòrán òdòdó lílì) àti àgbélébùú nílò ojú kan gédégédé láàárín. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pín asà sí méjì lóròó, 71 kò ṣeé pín dọ́gba: 72 ni kí ẹ lò, òun náà ló sì pín sí mẹ́ta láìṣẹ́kù. Bí fleur-de-lis bá wá dúró lórí ìlà tó pín in, ẹ fún un ní ojú méjì láàárín.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀tún àti òsì. Ọ̀tún ẹni tó gbé asà lọ́wọ́ ni ọ̀tún asà, òsì àwa tó ń wò ó nìyẹn. Ibẹ̀ ni kìnnìún ń kọjú sí bí blazon kò bá sọ nǹkan mìíràn, ibẹ̀ náà ni ọ̀já tó gba igun dé igun ti ń bẹ̀rẹ̀ lókè. Ẹni tó bá yí àwòrán padà kí ìrọ̀rí méjì lè kọjú síra wọn ti rán asà mìíràn.

Fọ́nrán méjì fún X lórí Aida 14, abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 24. Ẹsẹ̀ òkè X gbọ́dọ̀ dojú kọ ibì kan náà látòkè délẹ̀, torí orí ilẹ̀ aláwọ̀ kan, èyí tó bá yí padà á máa dán yàtọ̀. Ìdì òwú kan, mítà mẹ́jọ, á rán nǹkan bí ojú 1,800. Ilẹ̀ pupa tó gba 3,500 á jẹ méjì, ẹ ra mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà kí àwọ̀ wọn má bàa yàtọ̀. Ẹ rán fàdákà náà, ẹ má fi aṣọ sílẹ̀ lásán. Ihò Aida máa ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pupa tó kún. Ẹ má sì fa òwú dúdú gba ẹ̀yìn fàdákà kọjá, ó máa hàn síta.

Fọ́nrán kan òwú 310 la fi ń ṣe backstitch, ìlà tí a fi abẹ́rẹ́ fà, yí ara kìnnìún ká. Níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gba orí ikùn kọjá, 780 tó jẹ́ búráùn ni kí ẹ lò, kí dúdú má bàa gé ẹranko náà sí wẹ́wẹ́. Adé nìkan ni kí ẹ fún ní òwú onídán E3821, kí ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 30. Bó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, etí ihò á họ ọ́ títí á fi tú.

Pupa lè ṣí díẹ̀ nínú omi. Omi tútù ni kí ẹ fi ṣàn án títí omi á fi mọ́ gaara, kó tó gbẹ rárá. Bí àbàwọ́n pupa bá wà lára funfun tí áyọ́ọ̀nù sì kàn án, agbára káká ló fi máa kúrò níbẹ̀.