Rédà kì í rí ọkọ̀ abẹ́ omi: ìdáhùn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ra ẹ̀rọ ₦85,000

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ HND ni mí ní ẹ̀ka iná mànàmáná. Iṣẹ́ àṣekágbá tí mo yàn ni rédà kékeré tó lè rí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún mi ní ₦85,000. Ó ní rédà ni, ó sì ń rí nǹkan nínú omi dé 50 mítà. Mo tún gbọ́ pé ọ̀dà kan wà tí wọ́n fi ń kun ọkọ̀ abẹ́ omi òde òní, òun ni kì í jẹ́ kí rédà rí i. Fíríkúẹ́ńsì wo ni mo lè lò tó máa borí ọ̀dà náà? Ṣé kí n ra ẹ̀rọ yẹn?

Ìdáhùn: Má rà á.

Àbúrò mi, kì í ṣe ìwọ ni mò ń bínú sí. Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí kiri ni. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ẹ̀rọ tí ọkọ̀ ojú omi fi ń wo ìsàlẹ̀ òkun ṣe, kò sì sí oṣù kan tí ẹnì kan kì í bi mí nípa “rédà abẹ́ omi”. Ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tí mo mọ̀ ra irú rẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ já sínú ọ̀sà. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wakọ̀ kiri, tí iná pupa orí ẹ̀rọ náà ń tàn tó ń kú. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì wà ní ìsàlẹ̀ omi títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ìbéèrè rẹ nípa fíríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìgbì ń mì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan), mi ò lè dáhùn rẹ̀ bí o ṣe bi í, nítorí pé ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dúró. Kì í ṣe ọ̀dà ló ń fi ọkọ̀ abẹ́ omi pamọ́ fún rédà. Omi òkun fúnra rẹ̀ ló ń fi í pamọ́.

Wo bó ṣe rí. Ìgbì rédíò ni rédà ń jù síta. Ìgbì náà á lọ, á kọlu nǹkan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á sì padà wá sọ fún ẹ̀rọ pé nǹkan wà níbẹ̀. Nínú afẹ́fẹ́, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n omi òkun ní iyọ̀, iyọ̀ yìí sì ń jẹ́ kí iná mànàmáná rí ọ̀nà gbà nínú omi. Ohunkóhun tí iná bá ti ń rí ọ̀nà gbà nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìgbì rédíò kì í pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó kú. Rédà tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ojú omi ń lò, èyí tó wà ní nǹkan bí 9 gigahertz, mìlímítà díẹ̀ ni ìgbì rẹ̀ ń wọ inú òkun. Kò tó ìnípọn ìka ọwọ́ rẹ. Apá tó pọ̀ jù nínú ìgbì náà kì í tilẹ̀ wọ omi rárá, ojú omi ló ti ń ta padà. Ẹni tó bá wá sọ fún ọ pé òun ní rédà tó ń rí 50 mítà nínú òkun, pẹ̀lú bátìrì tó tó àtẹ́lẹwọ́, o ti mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Lóòótọ́, bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ìgbì ṣe ń wọlé sí i. Àwọn ológun mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ná owó sí i. Ní Wisconsin àti Michigan, Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó méjì tó ń lo 76 hertz, tí wáyà wọn gùn ní ọ̀pọ̀ máìlì láàárín igbó. Ìgbì yẹn ń dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ abẹ́ omi ní ìsàlẹ̀ òkun lóòótọ́, àmọ́ lẹ́tà díẹ̀ ló lè fi ránṣẹ́, ó sì máa ń pẹ́. Ọkọ̀ náà kò lè fèsì. Wọ́n pa ibùdó méjèèjì tì ní 2004. Ìwé ìkésíni lásán ni ìyẹn, kì í ṣe ojú. Kò sí ẹni tó lè fi rí nǹkan kan.

Bí o bá fẹ́ fi ojú ara rẹ rí i, wá garawa oníke ńlá kan. Bu omi lítà 20 sí i, kí o da iyọ̀ gíráàmù 700 sí i, ìyẹn gíráàmù 35 fún lítà kan. Bí iyọ̀ inú òkun ṣe pọ̀ tó nìyẹn. Wá fóònù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́, fi ọ̀rá tó nípọn wé e lọ́nà mẹ́ta, di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí o so òkúta mọ́ ọn kó lè lọ sí àárín omi. Ní kí ẹlòmíràn máa pè é. Nígbà tí omi bá bò ó yíká dáadáa, ìpè kò ní wọlé mọ́. Fóònù tí o lè pàdánù ni kí o lò o. Bí omi bá wọ̀ ọ́, mi ò ní san án.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti wá, kì í sì í ṣe àìmọ̀wé ló fà á. Lóòótọ́ ni rédà pa ọkọ̀ abẹ́ omi púpọ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ṣùgbọ́n orí omi ni wọ́n wà nígbà tó rí wọn. Ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ìgbà náà, bátìrì ló fi ń rìn nísàlẹ̀, bátìrì náà kì í sì í pẹ́ tán. Ó ní láti gòkè, lóru nígbà púpọ̀, kó tan ẹ́ńjìnnì dísù láti fi gba iná sí bátìrì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń ká wọn mọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbé rédà tí ìgbì rẹ̀ gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 dé ní 1943, ẹ̀rọ tí àwọn ará Jámánì fi ń gbọ́ pé rédà ń bọ̀ kò lè gbọ́ ìyẹn rárá. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà nìkan, ọkọ̀ abẹ́ omi tí wọ́n pàdánù lé ní 40, ọ̀gá wọn Karl Dönitz sì ní kí àwọn tó kù kúrò ní Àríwá Àtìláńtíìkì. Àkọlé ìtàn yẹn ni àwọn èèyàn ń rántí, pé rédà borí ọkọ̀ abẹ́ omi. Wọ́n gbàgbé pé ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọjú.

Bó ṣe rí lónìí náà nìyẹn. Rédà lè rí òpó awò gígùn tí ọkọ̀ abẹ́ omi fi ń yọjú, bí ó bá gbé e sókè. Saténláìtì lè rí i níbi tó gúnlẹ̀ sí ní èbúté. Bó bá ti rì wọ ìsàlẹ̀ omi tán, ó parí. Ẹ̀rọ kan tún wà tó ń gbọ́ bí irin ńlá ọkọ̀ náà ṣe ń da agbára òòfà ayé láàmú, ìdí ọkọ̀ òfurufú ni wọ́n sábà ń so ó mọ́, àmọ́ ó ní láti fò sún mọ́ ibẹ̀ gan-an kó tó gbọ́ ohunkóhun.

Kí wá ni wọ́n ń lò? Ìró. Bí o bá bá ọmọ Ìlàjẹ tó dàgbà sórí omi sọ̀rọ̀, á sọ fún ọ pé tí òun bá mùwẹ̀ wọ ìsàlẹ̀, òun máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń bọ̀ kí ojú tó rí i. Nínú afẹ́fẹ́, ìró ń rìn ní nǹkan bí 340 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú òkun, ó ń sáré tó 1,500. Omi tó ń pa rédíò, ọ̀nà ńlá ló jẹ́ fún ìró.

Orí èyí ni wọ́n gbé sónà lé, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wá nǹkan nínú omi. Ó lè pariwo kó sì dúró de gbohùngbohùn. Ó sì tún lè dákẹ́ kó máa tẹ́tí. Ọkọ̀ abẹ́ omi kì í fẹ́ pariwo, nítorí ẹni tó bá pariwo ti sọ ibi tó wà. Ó ń tẹ́tí sí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀, sí pọ́ńpù, sí ohun tó já bọ́ nínú ọkọ̀ ẹlòmíràn. “Ọ̀dà” tí o gbọ́ nípa rẹ̀, táìlì rọ́bà ni. Wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ kó lè gbé ariwo sónà mì, kí gbohùngbohùn má padà dáadáa, kí ariwo inú ọkọ̀ náà má sì jáde. Jámánì ló kọ́kọ́ dán an wò nígbà ogun yẹn, wọ́n pè é ní Alberich. Kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú rédà.

Ohun ìjà wọn pàápàá ń fetí sílẹ̀. Ní 1943 kan náà, Jámánì gbé tọ́pídò kan jáde tó ń gbọ́ ariwo abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀, tó sì ń tẹ̀ lé e. Àwọn ọ̀tá wọn dá a lóhùn: wọ́n ń fi okùn wọ́ ohun aláriwo kan tẹ̀ lé ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n pè é ní Foxer, kí tọ́pídò lè sá tẹ̀ lé ìyẹn.

Má sì rò pé nítorí ìró ń rìn jìnnà, iṣẹ́ ti rọrùn. Ibí ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ mi jù. Ní àwọn ọdún 1930, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń dán sónà wò nítòsí Guantánamo ní Kúbà. Ní òwúrọ̀, ẹ̀rọ ń gbọ́ kedere. Bó bá di ọ̀sán, etí rẹ̀ á di. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí àwọn tó jókòó ti ẹ̀rọ, pé bóyá wọ́n ti jẹun yó, oorun sì ń kùn wọ́n. Àwọn onímọ̀ òkun láti Woods Hole, ibùdó ìwádìí òkun kan ní Amẹ́ríkà, ló wá bá wọn wádìí rẹ̀, oòrùn ló sì jẹ̀bi. Oòrùn ọ̀sán ti mú omi òkè gbóná. Ìró ń yára nínú omi gbígbóná ju omi tútù lọ, nítorí náà ó máa ń tẹ̀, á dorí kọ apá ibi tó tutù, ìyẹn ìsàlẹ̀. Ohun tó bá wà níwájú, tí kò jìn sísàlẹ̀, ìró á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá ọkọ̀ abẹ́ omi tó bá mọ ibi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù, ó ti rí ibi sá pamọ́ sí láìná kọ́bọ̀. Omi Àtìláńtíìkì níwájú Èkó náà gbóná lókè, ó sì tutù nísàlẹ̀.

O fẹ́ mọ bí ó ṣe le tó? Ní oṣù Kejì 2009, HMS Vanguard ti Gẹ̀ẹ́sì àti Le Triomphant ti Faransé fi ara gbá ara wọn nínú Àtìláńtíìkì. Ọkọ̀ abẹ́ omi ni méjèèjì, agbára átọ́míìkì ni wọ́n fi ń rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè gbé mísáìlì 16. Sónà tó lágbára ló wà nínú àwọn méjèèjì. Faransé kọ́kọ́ rò pé kọntéínà tó já sínú òkun ni ọkọ̀ àwọn kọlù. Bí wọ́n ṣe dákẹ́ rọ́rọ́ tó nìyẹn. Ẹ̀rọ ₦85,000 wá fẹ́ ṣe ohun tí àwọn yẹn kò lè ṣe.

Bí a bá sì wá ẹni tó sọnù, ìró náà ni. Ọkọ̀ abẹ́ omi Ajẹntínà, ARA San Juan, sọnù pẹ̀lú èèyàn 44 ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2017. Ọkọ̀ òfurufú fò, saténláìtì wò, pàbó ni. Àwọn etí inú omi tí àjọ tó ń ṣọ́ ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì rì sí ẹ̀bá erékùṣù Ascension àti Crozet ti gbọ́ ìró kan lọ́jọ́ náà, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Ocean Infinity, ilé iṣẹ́ tó ń wá nǹkan ní ìsàlẹ̀ òkun, rí ọkọ̀ náà ní nǹkan bí 900 mítà nísàlẹ̀. Sónà ni wọ́n fi rí i. Àwọn ìdílé 44 dúró fún ọdún kan gbáko. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè fojú fo àwọn tó ń ta irọ́ nípa wíwá nǹkan nínú omi.

Ó kan iṣẹ́ rẹ. Má jù ú nù, yí i padà. Kọ́ sónà kékeré tó máa fi hàn bí ooru omi ṣe ń yí ìyára ìró padà. Wá orí ẹ̀rọ awẹ́ja, èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní 200 kilohertz, tí àwọn apẹja ń lò. Lo páìpù PVC tó fẹ̀, tó gùn ju mítà kan lọ, dí ìdí rẹ̀, kí o bu omi sí i. Nínú omi tí kò níyọ̀, ìró ń rìn ní nǹkan bí 1,426 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan bí omi bá tutù dé 5°C, ó ń rìn ní 1,509 bó bá gbóná dé 30°C. Fún mítà kan ní àlọ àti àbọ̀, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 77 microsecond (ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá kan ni microsecond). Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré yẹn, lè wọ̀n ọ́n. Bí o bá lo yìnyín, pò ó dáadáa kí o sì yọ ọ́ kí o tó wọ̀n, kí omi má baà tutù lókè nìkan.

Má lo sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n fi ń wọn bí omi ṣe kún nínú táńkì, bí wọ́n tilẹ̀ kọ “waterproof” sí i lára. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Kì í rí ohun tó bá sún mọ́ ọn ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ nínú afẹ́fẹ́, nínú omi èyí á di bí 90, nítorí ìró ti yára ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Inú páìpù rẹ, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun tó máa rí.

Ní yàrá ìdánwò ni kí o ti ṣe gbogbo rẹ̀, lójú ẹni tó mọ iná, nítorí orí ẹ̀rọ awẹ́ja lè gba iná tó le. Má gbé e lọ sí ẹ̀bá bárékè ọmọ ogun ojú omi láìgbàṣẹ. Má sì tìtorí rẹ̀ mùwẹ̀ nínú ọ̀sà. Fi àkọlé tuntun náà han olùtọ́sọ́nà rẹ kó fọwọ́ sí i kí o tó ra ohunkóhun.

Bí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ yẹn kò bá sì jẹ́ kí o sinmi, gbé garawa omi oníyọ̀ yẹn síwájú rẹ̀. Da ẹrẹ̀ sí i, kí omi má baà mọ́, kí o ju irin kan sí ìdí rẹ̀ láìjẹ́ kó rí i. Ní kó gbé rédà rẹ̀ lé orí omi, kó sọ fún ọ ibi tí irin náà wà, kó tó gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ.